Ìwé Ìgbéyàwó ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Ibi Tí Ó Ti Wá àti Ohun Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Ní Ìdúmàgbò níbí, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná: "Baba, Ifá ti fọre, ẹbí ti gbà, ǹjẹ́ a tún ní láti lọ sí kóòtù lọ gbàwé?" Èmi a máa dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ tọwọ́ bọ̀. Nítorí náà, ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹsẹ Ifá yóò dúró di ọjọ́ mìíràn.

Láyé àwọn baba wa, ìgbéyàwó kò ní ìwé, ṣùgbọ́n kò ṣàìní ẹ̀rí. Alárinà á wádìí ìdílé. Àwọn òbí á bi Ifá léèrè bóyá ọ̀nà là. Lẹ́yìn náà ni ìtọrọ, ìdáná àti ìfàyàwó. Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti iṣu tí a gbé síwájú ẹbí, gbogbo ojú tí ó rí wọn ni ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Bí ọkọ bá kú, àwọn ọmọ ni ó ń jogún, yálà ní ìdí-igi, tí a ń fi iye ìyàwó pín in, tàbí ní orí-ò-jorí, tí a ń fi iye ọmọ pín in. Opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òfin òyìnbó ti bá wa jà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi Èkó sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1874 títí di 1886, àwọn Gẹ̀ẹ́sì so Èkó mọ́ Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àárín ìgbà náà ni òfin ìgbéyàwó ọdún 1884 jáde. Ẹ ò rí nǹkan! Èkó kò ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀ nígbà náà. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ṣòfin fún ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Òfin náà ní ẹni tí ó bá fi òun gbéyàwó kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn mọ́ ọn, àti pé bí ó bá kú láìṣe wíìlì, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi pín ohun ìní rẹ̀.

Àwọn Sàró àti àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ni ó kọ́kọ́ sáré sí i. Ìgbéyàwó olówè di ohun iyì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọn ni ó ní obìnrin mìíràn níta, ojú kan kò sì ṣàì mọ̀. Àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ pàápàá sọ pé àṣà òyìnbó ni aya kan ṣoṣo. Nígbà tí ìjọ United Native African yapa ní 1891, tí African Church sì tẹ̀ lé e ní 1901, wọ́n gba ọmọ ìjọ tí ó láya púpọ̀ láyè. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àwa oníṣẹ̀ṣe nìkan ni a bá ìwé yìí jiyàn, ẹ gbọ́ ọ.

Ẹjọ́ méjì ni ó yẹ kí ọmọ Èkó mọ̀. Èkíní ni ti Cole, ní 1898. Ọ̀gbẹ́ni Cole ti ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ní Sàró kí ó tó kú láìṣe wíìlì. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọkùnrin kan tí làákàyè rẹ̀ kò pé. Arákùnrin olóògbé ní òun ni àrólé nípa àṣà. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbà fún un. Èyí tí ó ga jù ú lọ yí i padà, ó ní ẹni tí ó ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ jáde kúrò nínú àṣà lórí ọ̀rọ̀ ogún. Èmi gbà pé ìdájọ́ náà gba opó àti ọmọ aláìlera là. Mo sì gbà pé ó gé ẹbí kúrò níbi tí ẹbí rò pé òun ní ẹ̀tọ́. Òtítọ́ ni méjèèjì.

Ìkejì ni ti Daniel, tí ó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1954. Òfin 1884 ni àwọn òbí olóògbé fi gbéyàwó, ṣùgbọ́n ìyàwó àdáná ni òun fẹ́, mẹ́sàn-án, wọ́n sì bí ọmọ 12. Ìbátan rẹ̀ kan ní àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ lójú òfin, kí ogún kọjá sí ọ̀dọ̀ òun. Àwọn adájọ́ ní rárá: bí àṣà bá ti so bàbá àti ìyá pọ̀ bí ó ti tọ́, ọmọ tí wọ́n bí ọmọ ni. Ìdáná dúró lójú kóòtù òyìnbó lọ́jọ́ náà.

Òfin tí à ń lò lónìí, láti 1914 ni ó ti wà, ara ti 1884 ni ó sì ti yọ. Ará Ìdúmàgbò kò ní láti rìn jìnnà, nítorí réjísìrì ìjọba ìbílẹ̀ wà ní City Hall, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìkòyí. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò mú ìwé ìfilọ̀ tọ réjísírà lọ. Òun á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí gbogbo ayé rí i. Ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ jáde kí ọjọ́ 21 tó pé. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí ìgbéyàwó kò fi yẹ lè lọ kọ ọ̀rọ̀ ìdádúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ni yóò sì yanjú rẹ̀. (Lójú tèmi, iṣẹ́ alárinà ni wọ́n gbé fún ilẹ̀kùn ṣe.)

Wọn yóò búra pẹ̀lú: pé ọ̀kan nínú wọn ti gbé ní àgbègbè náà fún ọjọ́ 15 ó kéré tán, pé ẹni kọ̀ọ̀kan ti pé ọmọ ọdún 21, tàbí kí òbí fọwọ́ sí i, pé kò sí ìbátan tí ó jẹ́ èèwọ̀, àti pé kò sí ẹni tí ó ti fi àṣà gbé ẹlòmíràn níyàwó. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láti ọjọ́ ìfilọ̀ láìṣe ìgbéyàwó, wọn yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé.

Ìbúra tí ó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹni tí ó ní ìyàwó àdáná nílé, tí ó lọ gbàwé pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Bákan náà ni fún ẹni tí ó gbàwé tán tí ó wá dáná fún obìnrin kejì. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé nítorí pé Ifá kò kọ aya púpọ̀, ìwé náà yóò fojú fò ó. Kò ní fojú fò ó.

Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya kan náà bá ti dáná, tí wọ́n tún lọ gbàwé pẹ̀lú ara wọn, òfin kò bá wọn wí rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ń ṣe é. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ti ìwé yìí, kí ó tọ́jú ẹ̀rí ìdáná rẹ̀ dáadáa: orúkọ àwọn tí ó dúró fún ẹbí méjèèjì, ọjọ́, ibi tí a ti ṣe é, àwòrán pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú tí báńkì sì ní kí opó mú ẹ̀rí wá, àwọn àgbà tí ó jẹ obì náà lè ti lọ bá àwọn baba wọn.