Courtenay

Àwọn tó ń rí Courtenay lára orúkọ abúlé lórí máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé "abúlé" tàbí "àgbàlá" ló túmọ̀ sí. Rárá o. Orúkọ ìdílé ni. Ìlú Courtenay ní ilẹ̀ Faransé ni ìdílé náà ti mú un wá. Àwọn ló ń jẹ oyè Earl ti Devon.

Ẹ wo orúkọ abúlé bíi Sutton: oko tó wà ní gúúsù ló túmọ̀ sí, Sutton sì pọ̀ jántirẹrẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ onílẹ̀ ni wọ́n fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì, bí àwa náà ṣe ń fi orúkọ baba tó tẹ abà dó pe abà. Bí Sutton Courtenay ṣe jẹ́ nìyẹn, àti Nuneham Courtenay, àti Sampford Courtenay ní Devon, níbi tí ọ̀tẹ̀ nítorí ìwé àdúrà ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1549. Páríìṣì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣọ́ọ̀ṣì nìkan túmọ̀ ìyẹn: ẹ̀ka ìjọba tó kéré jù ní ìgbèríko ni.

Fún àpẹẹrẹ, a lè sọ pé: "Sutton Courtenay ni wọ́n sin òǹkọ̀wé George Orwell sí."

Courtney, tí kò ní "a" láàárín, ni orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ lóde òní, ọkùnrin àti obìnrin. Bákan náà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá kọ ọ́ sára orúkọ abúlé ti ṣì í kọ.