Agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ nínú ẹjọ́ gbèsè àti ẹjọ́ òwò ní Amẹ́ríkà

Agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ ni lọ́yà tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ amòfin, tí kò tíì sí lára àwọn ọ̀gá tó ń pín èrè ibẹ̀. Èyí tó bá wà ní ẹ̀ka gbèsè àti òwò a máa ṣojú fún báńkì, olùpèsè ọjà tàbí ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Ìbéèrè kan ni iṣẹ́ náà dá lé: bí owó onígbèsè kò bá ká gbogbo gbèsè, ta ni yóò kọ́kọ́ gbà, èló ni yóò sì gbà?

Òfin

Òfin gbèsè kan ṣoṣo ló kárí Amẹ́ríkà. Ọdún 1978 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe èyí tí wọ́n ń lò lónìí. Lábẹ́ Orí 7, wọ́n máa ń ta dúkìá onígbèsè láti fi san gbèsè. Orí 11 máa ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ bá òwò rẹ̀ lọ nígbà tó ń tún gbèsè tò. Orí 13 wà fún ẹni tí owó ń wọlé fún déédéé, tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 3 sí 5. Gbàrà tí ìwé ẹjọ́ gbèsè bá ti wọ kóòtù, olówó kò gbọdọ̀ dógò ti onígbèsè mọ́. Nígbà tí báńkì ìdókòwò Lehman Brothers wọ kóòtù ní New York ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2008, dúkìá rẹ̀ ju 600 bílíọ̀nù dọ́là lọ, òun ló sì tóbi jù lọ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Owó tí onígbèsè san fún olówó kan láàárín 90 ọjọ́ kó tó wọ kóòtù, alábòójútó dúkìá lè pè é padà, kí ẹnì kan má baà jẹ àjẹyó nígbà tí ebi ń pa àwọn yòókù. Agbẹjọ́rò tó ń gbèjà olùpèsè ọjà yóò kó ìwé owó ọdún bíi méjì jáde, yóò máa ka ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí ọjà dé àti ìgbà tí owó wọlé. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn 45 ọjọ́ ni wọ́n ti máa ń sanwó tipẹ́, tí owó tí wọ́n ń jà lé sì wọlé lọ́jọ́ 46, àwíjàre wà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 90 ni, lẹ́yìn lẹ́tà ìhalẹ̀, ọ̀rọ̀ di mìíràn.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà ni agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ sábà máa ń fi ka àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Orí 11, inú dúkìá onígbèsè ni owó lọ́yà onígbèsè ti ń jáde, nítorí náà adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìdájọ́, ọjọ́ 14 péré ni ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sábà máa ń ní.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwúlò

Lẹ́yìn oyè fásitì àkọ́kọ́, ọdún 3 ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ òfin, kí wọ́n tó ṣe ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ máa ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ sin adájọ́ kóòtù gbèsè. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti báńkì nìkan: òfin ti owó iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kò rí gbà ní 180 ọjọ́ kí ẹjọ́ tó wọ kóòtù síwájú ọ̀pọ̀ gbèsè mìíràn, títí dé iye kan. Agbẹjọ́rò tó bá kọ ìwé ẹ̀tọ́ yẹn dáadáa, tó sì fi í ránṣẹ́ sí kóòtù lásìkò, ló ń jẹ́ kí owó náà tẹ ẹni tó làágùn fún un lọ́wọ́.