Agbọ̀n Obì, Àká Ọ̀rọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Ìlárá Rẹ́mọ. Ìyá mi, tó fi òwò obì gbàǹja tọ́ gbogbo wa, bi í pé irú ìwádìí wo ni kò jẹ́ kó sùn lóru. Ó ní, "Màmá, kọ́pọ́ọ̀sì ni." Màmá ní, "Kọ́pà kẹ̀, ọkọ mi? O ti jáde ni?"

Mo bá dá sí i. Mo ní wọ́n ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye gbólóhùn táwọn èèyàn ti sọ tàbí tí wọ́n ti kọ jọ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá máa wo iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹyọ àti ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń bá a rìn. Màmá mi orí. Ó ní, "Ẹ̀ ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa obì nìyẹn. Èyí tí kòkòrò bá ti jẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń yọ ọ́ sọ nù?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tí kòkòrò jẹ yẹn gan-an ni iṣẹ́ òun dá lé.

Òótọ́ ló sọ. Gẹ̀ẹ́sì tiwa níbí ló ń wádìí, irú èyí tí tíṣà ń tìtorí rẹ̀ nà wá nígbà kan. Ta ni nínú ẹgbẹ́ mi tí kò jẹgba nítorí "next tomorrow"? Ọ̀túnla la ní lọ́kàn, a kàn wọ̀ ọ́ láṣọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Dáńfó wà níbẹ̀, ọ̀kadà wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ wà níbẹ̀, "next tomorrow" tí a tìtorí rẹ̀ jẹgba náà ò gbẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ò tijú àtiyá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Àwa là ń tijú àtifi èdè wa ṣàlàyé ohun tí à ń kọ́ nípa Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà ò gbìyànjú. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé àkọ́kọ́ lórí èdè-ìperí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè àti lítíréṣọ̀, ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ìkejì ní 1990. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ahunpọ̀ ìtàn. Ẹni tó bá ti rí ahunṣọ nídìí òfì mọ̀ pé fọ́nrán òwú kan kì í dá di aṣọ. Orúkọ kan náà, "plot", sì ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ahunpọ̀ ìtàn, ilẹ̀ téèyàn rà, àti ọ̀tẹ̀! Tiwa ṣe kedere ju tiwọn lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá ní òkè Olúmọ ga, kí ni òkè náà ṣe? Ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe la ń pe "ga".

Èyí tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ náà ni orúkọ ẹ̀kọ́ tó ń yẹ ìwé àwọn tí òyìnbó ti jọba lé lórí wò. Ó tú u sí "ẹ̀yìn ìmúnisìn". Mo ní rárá. Bí a bá ní ẹ̀yìn òjò, òjò ti dá nìyẹn. Ohun táwọn onímọ̀ yìí ń wí ni pé ti òyìnbó ò tíì dá: ó wà nínú òfin wa, ó wà nínú ìdánwò wa, ó wà nínú ẹgba tí mo jẹ. Mo ní kó kọ ọ́ ní "àtubọ̀tán ìmúnisìn".

Àpẹẹrẹ ẹni tó fara balẹ̀ yan ọ̀rọ̀ fún ìtúmọ̀ wà nítòsí wa: láti Ìlárá dé Ìsarà, ìlú bàbá Wọlé Ṣóyínká, kò jìnnà. Nígbà tí Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, kò mú orúkọ táwọn oníwàásù fi ń pe ẹ̀mí burúkú fún irúnmalẹ̀. Ó tọ àwọn Gíríìkì àtijọ́ lọ, ó mú "daemon", ẹ̀mí tí kò pọn dandan kó jẹ́ ibi. Ẹ wá fi wé àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá, tí wọ́n fi Èṣù pe ọ̀tá Ọlọ́run. Odindi Bíbélì jáde ní 1884. A ò tíì bọ́ nínú àṣìpè yẹn dòní.

Ti kọ́pọ́ọ̀sì ńkọ́? Àká ọ̀rọ̀ ni mo pè é. Màmá ò gbà. Ó ní àgbàdo ni wọ́n ń kó sí àká, ohun téèyàn bá ń ṣà nígbà gbogbo, agbọ̀n ni ibùgbé rẹ̀. Bóyá òun ló tiẹ̀ jàre.

Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlíṣàn àti Àgọ́-Ìwòyè, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín fi Yorùbá kọ kókó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ojú ewé kan péré, kó sì kà á sétí ẹni tí kò lọ sílé ìwé kó tó gbé e wá fún yín. Bí ó bá wá olùgbọ́ tì, ìyá mi wà nílé ní Ìlárá.