Bátànì Ìrìnàjò Akọni Nínú Fíìmù Star Wars: Ẹ̀rí Ni Àbí Àmúlò?

Ìfáárà

Ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1977 ni fíìmù Star Wars kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. George Lucas ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì darí rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, òun ni àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ sábà máa ń nawọ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ ṣàlàyé bátànì ìrìnàjò akọni: ọ̀dọ́ kan fi ilé sílẹ̀, ó la ewu kọjá, ó ṣẹ́gun, ó sì mú ohun tí yóò ṣe àwọn ènìyàn rẹ̀ láǹfààní bọ̀ wálé. Wọn a sì fi kún un pé bí bátànì yìí ṣe hàn kedere nínú fíìmù tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn jẹ́ ẹ̀rí pé inú ọkàn gbogbo ẹ̀dá ni ó ti ń wá. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni bóyá ẹ̀rí náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí a tó lè dá a lóhùn, ó di dandan kí a mọ èyí tí ó ṣáájú nínú bátànì àti fíìmù, kí a sì mọ ọ̀nà tí ọ̀kan gbà dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Orísun bátànì náà

Joseph Campbell, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1904, ni orúkọ bátànì yìí rọ̀ mọ́ jù lọ. Ìwé rẹ̀, The Hero with a Thousand Faces, jáde ní 1949. Ó pín ìrìnàjò akọni sí ọ̀nà mẹ́ta, ìyẹn ìlọkúrò, ìdánwò àti ìpadàbọ̀, ó sì tún fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìpele 17. Àwọn kan ti ro oko yìí ṣáájú rẹ̀. Ní 1909 ni Arnold van Gennep ti kọ̀wé lórí ààtò tí ènìyàn fi ń kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Vladimir Propp ka iṣẹ́ 31 tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń ṣe nínú àlọ́ onídán ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 1928, Lord Raglan náà sì to àmì 22 jọ fún ìgbésí ayé akọni ní 1936. Ṣùgbọ́n Propp kò kúrò lórí àlọ́ àwùjọ kan ṣoṣo. Campbell ní tirẹ̀ sọ pé ìtàn kan náà ni gbogbo ayé ń pa, ó sì yá ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ James Joyce láti fi sọ ọ́ lórúkọ: monomyth.

Yorùbá kò ṣàìsí nínú ìwé náà. Ní apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Campbell ti sọ ìtàn Èṣù tí ó dé fìlà aláwọ̀ mẹ́rin, tí ó gba àárín oko àwọn ọ̀rẹ́ méjì kọjá, tí olúkúlùkù wọn sì takú pé àwọ̀ tí òun rí nìkan ni òtítọ́, títí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Edshu ni ó kọ orúkọ òrìṣà náà, nítorí pé inú ìwé tí Leo Frobenius, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1912 ni ó ti rí i. Frobenius yìí kan náà ni ó dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, tí ó rí ère orí Olókun, tí ó sì lọ kéde fún àwọn ará Yúróòpù pé Atlantis ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ojú ọ̀nà tí ìtàn Yorùbá gbà dé ọwọ́ Campbell kò tọ́ rárá. Síbẹ̀, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ìtàn fìlà Èṣù kì í ṣe ìrìnàjò akọni. Ẹnikẹ́ni kò fi ilé sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mú ohunkóhun bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wà lóko wọn ni. Ẹ̀gbẹ́ tí kálukú ti wo nǹkan ni ìtàn náà dá lé. Ó yani lẹ́nu pé inú ìwé tí ó ní ìtàn kan ṣoṣo ni ó wà láyé ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti rí àyè.

Bí ó ṣe wọ inú fíìmù

Ní 1973 ni Lucas bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ó di Star Wars. Àwọn fíìmù onípele Flash Gordon ti àwọn ọdún 1930 wà lọ́kàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni The Hidden Fortress tí Akira Kurosawa ṣe ní Japan ní 1958. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ náà, ọ̀gágun tí ó ti dàgbà ni Luke Skywalker, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sin ọmọbìnrin ọba kọjá láàrin ilẹ̀ ọ̀tá. Kò sí ọ̀dọ́ tí ó ń wá ara rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1975, Luke ti di ọmọ oko.

Lucas sọ lẹ́yìn náà pé òun ka ìwé Campbell lásìkò tí òun ń tún ìtàn náà kọ, òun sì tún un ṣe kí ó lè bá a mu. Àwọn òpìtàn fíìmù kan ṣì ń jiyàn lórí bí ipa ìwé náà ti pọ̀ tó ní àsìkò yẹn gan-an. Èyí ó wù kí ó jẹ́, Star Wars kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí tí kò bá Campbell mọ̀ rí. Ẹni tí ó gbin iṣu tí ó sì padà wá wa á kò lè ní òun ṣèèṣì rí i nínú ilẹ̀ ni.

Lóòótọ́, ìbáramu náà pọ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò òbí ni Luke ti dàgbà ní Tatooine. Iṣẹ́ tí Leia rán nípasẹ̀ róbọ́ọ̀tì dé etí rẹ̀. Obi-Wan Kenobi pè é, ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ padà sílé. Ilé tí ó padà sí ti jóná, àwọn tí ó tọ́ ọ ti kú, ni ó bá tẹ̀lé àgbà náà. Ó bọ́ sínú ihò ìdọ̀tí nínú Death Star níbi tí ògiri ti fẹ́ fún un pa; olùkọ́ rẹ̀ kú lójú rẹ̀; ohùn olùkọ́ náà ni ó sì gbọ́ nígbà tí ó yin ìbọn àyìnkẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n apá kẹta kò sí. Fíìmù ti 1977 parí síbi tí Leia ti ń fi àmì ẹ̀yẹ sí Luke àti Han Solo lọ́rùn níwájú àwọn ọmọ ogun. Luke kò padà sí Tatooine, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ohun tí ó rí gbà lé lọ́wọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìpadàbọ̀ ni Campbell fi ṣe ìdá mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀yẹ yẹn dípò ìpadàbọ̀ ń ran bátànì lọ́wọ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ̀yìn èyí ni ìdè méjèèjì wá le koko. Campbell àti Lucas di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn 1980. Ní Skywalker Ranch, ilé iṣẹ́ Lucas, ni Bill Moyers ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu Campbell sílẹ̀ fún The Power of Myth, tí tẹlifíṣàn gbé jáde ní 1988 lẹ́yìn tí Campbell ti kú ní 1987. Ní nǹkan bí 1985 ni Christopher Vogler, tí ó ń ka ìwé eré fún Disney, fi ojú ìwé méje ṣe àkékúrú Campbell fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ ìpele 17 di 12, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú di ìwé ní 1992. Láti ìgbà náà, àwọn òǹkọ̀wé Hollywood ń fi bátànì náà gé ìtàn bí aránṣọ ti í fi ìwọ̀n géṣọ. Ẹni tí ó bá rí i nínú fíìmù wọn lónìí, ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni ó rí.

Ìtàn tí kò mọ Campbell

Ìtàn tí bátànì náà kò tíì fọwọ́ kàn ni ó yẹ kí a fi dán an wò. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D.O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 fi ọdún 11 ṣáájú ìwé Campbell. Òun náà kò ṣàìní orísun, nítorí àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí ipa ìwé ìrìnàjò Bunyan tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19. Síbẹ̀, bí Fágúnwà ṣe to tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àkàrà-oògùn wọ Igbó Irúnmọlẹ̀ kí ọba tó rán òun àti àwọn ọdẹ mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹgbẹ́ ni ó lọ, kì í ṣe ẹnì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí ó bá to ìpele 12 ti Vogler sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, tí ó ń wá ohun tí yóò fi dí àlàfo kọ̀ọ̀kan, yóò lọ́ ìrìnàjò mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, yóò sì fo ọjọ́ méje tí àwọn ọdẹ náà lò nílé Ìrágbèje, níbi tí wọn kò ti bá ẹnikẹ́ni jà, tí wọ́n kàn jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́.