Ìbora Kúrómíọ̀mù Líle

Ìbora kúrómíọ̀mù líle ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi iná mànàmáná gbé sára irin kó má baà tètè gbó. Ní èbúté Lomé, irú rẹ̀ ló ń dán lára ọ̀pá tó ń yọ síta tó sì ń wọlé lára ẹ̀rọ agbẹ́rù. Líle rẹ̀ máa ń tó 800 sí 1,000 lórí ìwọ̀n Vickers, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo jù, ńṣe ló máa sán. Kódà, ó sábà máa ń ní ojú sísán wẹ́wẹ́ látilẹ̀wá. Iyọ̀ òkun ń gba ibẹ̀ dé ara irin, irin á dógùn-ún lábẹ́, ìbora á sì bó.

Láti dènà èyí, irin tó wà nísàlẹ̀ gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Irin rírọ̀ lábẹ́ awọ líle kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ nínú èèpo ẹyin, nítorí náà wọ́n ń fi iná mú ojú irin le ṣáájú. Wọ́n tún lè tẹ́ níkẹ́ẹ̀lì sábẹ́ kúrómíọ̀mù láti dènà omi iyọ̀. Irin alágbára gbọ́dọ̀ wọ ààrò ní nǹkan bí 190 sí 220°C láìpẹ́ lẹ́yìn ìbora, kí háídírójìn tó wọ inú rẹ̀ nígbà ìbora má baà fọ́ ọ.

Dípò kúrómíọ̀mù, àwọn mìíràn ń fọ́n ìyẹ̀fun tungsten carbide sára irin. Kóbáltì tó so ó pọ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè sán. Kúrómíọ̀mù inú omi ìbora ń fa jẹjẹrẹ, nítorí náà láti oṣù kẹsàn-án 2017, ìyọ̀ǹda pàtàkì ni wọ́n fi ń lò ó ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù.