Wàrà Ò Lè Wọ Rélùwéè

Ẹni tó bá ra wàrà ní Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn, lónìí kì í bi oníwàrà léèrè pé màlúù ta ni wọ́n fún un lára rẹ̀. Èmi tí mo ń fi oúnjẹ títà jẹun ládùúgbò yìí máa ń béèrè, ìdáhùn rẹ̀ sì ti pẹ́.

Nígbà tí wọ́n tẹ Ìbàdàn yìí dó ní nǹkan bí 1829, etí igbó ni. Màlúù àwọn Fúlàní ò lè pẹ́ nínú igbó nítorí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn wọ́n. Inú ọ̀dàn, lápá Òkè Ògùn àti Ìlọrin, ni wàrà pọ̀ sí. Rélùwéè dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Nígbà tó fi di 1912, ojú irin ti dé Kánò, màlúù sì ń wọkọ̀ bọ̀ wá bá wa. Wàrà ò lè wọ̀ ọ́ ní tiẹ̀, torí kì í pẹ́ kan. Ẹni tó bá máa ta á nígboro, àfi kí gáà rẹ̀ súnmọ́ ìgboro. Bí oko ṣe ń jẹ igbó lọ, tí eṣinṣin náà ń dín kù, ni àyè ń gba Fúlàní láti súnmọ́ wa.

Kì í ṣe gbogbo màlúù inú gáà ló jẹ́ ti Fúlàní o. Àwọn Yorùbá tó rí jájẹ náà ń ra màlúù, wọ́n á fi sìn lọ́dọ̀ Fúlàní, mílíìkì rẹ̀ á sì jẹ́ ara owó iṣẹ́ darandaran. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di wàrà, òun ló ń gbé e rù, òun ló ń ná owó rẹ̀.

Mo bá oníwàrà mi dé gáà wọn lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Ó gbé mílíìkì kaná, kò jẹ́ kó hó. Ó gún ewé bọmubọmu, ó fi mílíìkì díẹ̀ fọ oje rẹ̀, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sínú ìkòkò. Nígbà tó dì, tí omi rẹ̀ yọ, ó fi igbá bù ú sínú ajere kó ro. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ewé náà, ó ní, “Màmá, ẹ má fọwọ́ yẹn kan ojú o!” Òótọ́ ló sọ: oje bọmubọmu lè ba ojú jẹ́.

Èmi máa ń fi iyọ̀ tún un bọ̀, mo máa gé e, mo máa wá dín in nínú òróró gbígbóná títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Kì í yọ́ bíi ọ̀pọ̀ wàrà òyìnbó; ìdí nìyẹn tó fi ń wọ inú ẹ̀fọ́ rírò tí kò sì pòórá. Ẹni tí owó rẹ̀ ò ká ẹran ń béèrè rẹ̀, olówó tí dókítà ní kó dín ẹran pupa kù náà ń béèrè. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń fi ewé ọkà bàbà sọ ara wàrà di pupa; ó wù mí lójú. Bẹ̀sìkẹ́ tí wọ́n ń fi sóyà ṣe dára, owó rẹ̀ ò sì pọ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tà á fún mi ní wàrà.

Láti 2019 ni òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ka fífi ẹran jẹko káàkiri léèwọ̀. Mi ò bá òfin jà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí ìjọba bá ń ṣètò ọgbà ẹran, kí wọ́n pe àwọn obìnrin tó ń se wàrà síbi ìpàdé, kí wọ́n fún wọn ní omi tó mọ́ àti ọ̀nà tó já sọ́jà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti màlúù nìkan ni mo ń gbọ́ lórí rédíò.