Àlùfáà tó fa ìlà pa gbólóhùn ara rẹ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìrànlọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi òwe yìí tọrọ. Ìkìlọ̀ náà wà nínú rẹ̀: ọwọ́ tó wọ kèrègbè kò gbọdọ̀ pariwo pé òun ti kan pẹpẹ. Ìhà ìkìlọ̀ yìí ló bá ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ Kristẹni àti sáyẹ́ǹsì mu jù lójú tèmi.

Georges Lemaître, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, di àlùfáà ìjọ Àgùdà ní 1923. Ògbóǹkangí onímọ̀ físíìsì ni. Ní 1927, ó fi ìṣirò hàn pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i. Einstein gbà pé ìṣirò náà pé, ṣùgbọ́n ó ní físíìsì inú rẹ̀ burú jáì. Lemaître kò fa Bíbélì yọ. Àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà, tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn ń fà sí pupa nítorí pé wọ́n ń sá lọ, ni ẹ̀rí tó dì mú. Nígbà tó di 1929, ohun tí Hubble, onímọ̀ ìràwọ̀, wọ̀n ní Amẹ́ríkà gbè é lẹ́yìn.

Ní 1931, ó kọ lẹ́tà ṣókí sí ìwé ìròyìn Nature lórí bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó kọ́kọ́ tẹ̀ ṣì wà nípamọ́. Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀ dá lórí Ọlọ́run tó fi ara pamọ́. Kí lẹ́tà náà tó jáde, ó fa ìlà pa ìpínrọ̀ yẹn.

Ìlà yẹn wú mi lórí gan-an. Ojú kò tì í pé ó jẹ́ onígbàgbọ́. Àlùfáà ló jẹ́ títí ó fi kú ní 1966. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí aláìgbàgbọ́ kò bá lè yẹ̀ wò látòkè délẹ̀, kí ó sì rí àṣìṣe rẹ̀ bí ó bá wà, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì.

Ní 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé sáyẹ́ǹsì ti jẹ́rìí sí ìṣẹ̀dá inú Jẹ́nẹ́sísì. Inú Lemaître kò dùn sí i, mo sì gbà pé ó tọ̀nà. Ẹ̀rí tuntun lè dé lọ́la kó yí ìṣirò padà. Kí ni oníwàásù tó ti so ìgbàgbọ́ ìjọ mọ́ ọn yóò wá sọ fún wọn? Ní oṣù Kẹsàn-án 1952, póòpù tún bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tó ń ṣèpàdé ní Róòmù sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi iṣẹ́ wọn ṣe ẹ̀rí ìṣẹ̀dá mọ́.